Àrọ̀ Tó Há Lọ́fun

Gbé àga yẹn sún mọ́ ibùsùn, ọmọ mi, kó o sì pa fóònù rẹ. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí dúró lágbede méjì, mi ò ní lókun láti tún un bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Dókítà sọ fún ọ pé ọkàn mi ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, ìwọ wá sọ fún mi pé ó ní kí n máa sinmi. Mo gbọ́ ohun tó sọ gan-an, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni èyí tí mo gbọ́ láàárọ̀ àná, nígbà tó o rò pé mo ti sùn lọ, tó ò ń bá àwọn tó fẹ́ fi ọ́ ṣe ọ̀gá iléèwé ní ìlú kejì sọ̀rọ̀. O ní, "Ẹ ṣeun, sà. Mi ò lè fi màámi sílẹ̀." Jẹ́jẹ́ lo sọ ọ́. Bó o ṣe sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ náà nìyẹn, èmi ni mo sì fi í sí ọ lẹ́nu nígbà náà.

Wo àpótí gíláàsì tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, tí mò ń kó òògùn mi sí. Àlejò tó bá wọlé máa ń rò pé kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ìwọ mọ̀ pé ẹja ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Bó bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín, rín in. Arúgbó ń kú lọ, ọ̀rọ̀ ẹja ló gbà á lọ́kàn.

Nígbà tí Ọ̀gá Ẹlẹ́ja wá sọ fún mi pé òun fẹ́ fẹ́ ọ, inú mi dùn. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé mi ò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ara rẹ̀ ló sì sábà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní nígbà tí òun sọ fún ìyá òun pé ẹja lòun fẹ́ máa tà, ìyá náà ti gbé ìkòkò kaná kó tó mọ̀ pé ẹja tí wọ́n ń wò lásán ni. Bó bá ti jókòó ní pálọ̀, èmi àti ìwọ á máa rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé mi. Ohun kan ṣoṣo ló bà á jẹ́: ó fẹ́ kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ìlú kejì, ìwọ náà yóò sì bá a lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ. Bàbá rẹ ti wà nínú ilẹ̀. Mo wo ilé, mo wo ara mi, ẹ̀rù oúnjẹ ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. O ò tíì mọ bó ṣe ń rí láti fi ìkòkò kékeré se ìrẹsì, kó tún ṣẹ́ kù.

Òun náà rí i lójú mi, ó fẹ́ ṣe rere. Ó gbé àpótí yẹn wá, ó ní, "Màá, kí ilé má bàa dákẹ́ jù ni. Ẹ óò rí ẹni máa bá sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í jiyàn bí ọmọ yín." Ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ nínú mi ni pé, wọ́n fẹ́ gba ọmọ mi, wọ́n wá fẹ́ fi ẹja dí àyè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú mi, itọ́ funfun ni mò ń tu. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, èmi ni mo wá ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń to iyanrìn, ó ń kọ́ mi. Ó pọn omi sí i, ó fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ láìfi ẹja sí i, ó ní omi tuntun kò tíì mọ ẹja gbé. Lẹ́yìn náà ló kó àwọn wẹ́wẹ́ tó ń tàn bí ìlẹ̀kẹ̀ wá, àwọn tó máa ń rìn pọ̀ láàárín omi. Ó ní, "Ẹ má ra ẹyọ kan nínú àwọn wọ̀nyí láé, màá. Wọn kì í dá gbé. Ẹ̀rù ni yóò pa á." Ó wá kó àwọn àrọ̀ kéékèèké sísàlẹ̀, àwọn onírùngbọ̀n tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ń fi imú tú iyanrìn. Mo béèrè bóyá àwọn yẹn ló máa ń jẹ ìdọ̀tí. Ó ní, "Irọ́ àwa tó ń tà á nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ìdọ̀tí yó. Tiwọn gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, káwọn tòkè má gbà á jẹ. Ẹ má sì fọwọ́ lásán mú wọn o. Ẹ̀gún wà lápá wọn, bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọ́n á nà án jáde. Ẹja tó bá gbé wọn mì, á há a lọ́fun."

Ibẹ̀ ni mo ti béèrè ìbéèrè mi. Ohùn ìyá rere ni mo fi béèrè pé, "Èwo wá ni kò gbọdọ̀ wọ inú ibí yìí?" Inú rẹ̀ dùn pé mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Àpótí kékeré nìyí, màá. Ohun tó bá ti lè wọ ẹnu ẹja, oúnjẹ rẹ̀ ni, bó ti wù kí wọ́n jọ máa ṣeré. Ẹ má wo bó ṣe kéré ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè bí yóò ṣe tóbi tó." Ó wá ṣàpèjúwe ọ̀kan fún mi, dúdú tó ní àmì pupa, tí nǹkan bí ojú wà nídìí ìrù rẹ̀. Ó ní bí ìka ọwọ́ ni wọ́n ṣe ń tà á, ó sì máa ń wo èèyàn lójú bí ẹni tó fẹ́ kí i, kò sì ní pẹ́ tó fi máa tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. "Èyí kò bá ẹnì kankan gbé níbí, àfi inú rẹ̀ làwọn yòókù máa gbé." Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rín in.

Nígbà tó lọ wá ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní ìlú kejì, mo rán ọ̀rẹ́ mi aránṣọ sí àwọn tó ń ta ẹja lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ẹja tó ń jẹ ẹja ṣe?" Mo ní kó bá mi rà á ni, mi ò ní kó bá mi rò ó. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó gbé e wá nínú náílọ́ọ̀nù omi, ó fi aṣọ oníbàárà rẹ̀ bò ó. Mo tú u sínú àpótí fúnra mi. Ó sì wò mí lójú lóòótọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí mi.

Mo sọ fún ọ pé ó wà lára àwọn tí ọkùnrin rẹ kó wá kẹ́yìn. O gbà, torí èmi ni mo sọ ọ́. Àwọn wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí ọ̀kan bá ti lọ, mà á jókòó síwájú gíláàsì, mà á mí kanlẹ̀, mà á ní, "Àwọn yìí náà ò fẹ́ bá mi gbé." Mi ò jẹun mọ́ lójú rẹ, mo ń jẹun lẹ́yìn rẹ. Ìgbà yẹn lo pè é lórí fóònù, tó o ní kẹ́ ẹ sún ìgbéyàwó síwájú, tó o ní, "Mi ò lè fi màámi sílẹ̀ báyìí." Mo wà nínú ilé ìdáná. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, kì í ṣe ẹkún ni mò ń sun.

Ó padà wá. Ó dúró síwájú àpótí, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Àwọn àrọ̀ nìkan ló kù, wọ́n sá sábẹ́ òkúta, ẹja ńlá yẹn ń yí lókè wọn. Ó ní, "Èyí kì í ṣe tèmi." O ní, "Ta ló wá gbé e wá?" Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Bi màmá rẹ." O sì bi mí. Bó bá jẹ́ pé mo jẹ́wọ́ níbẹ̀, ojú ì bá tì mí, ẹ̀yin méjèèjì ì bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó pẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé fọ́tò bàbá rẹ kúrò lára ògiri, mo ní kí n má fojú kàn án lọ́run bí mo bá mọ nǹkan kan nípa ẹja yẹn. O yíjú sí ọkùnrin náà, o ní, "Máa lọ. Ẹni tó bá lè pe màámi lónírọ́, kò sóhun tí kò lè pè mí." Ó lọ. Àti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo fọ́tò yẹn. O rò pé nítorí mò ń ṣàárò rẹ̀ ni mo ṣe gbé e pa mọ́.

Èyí kọ́ ló burú jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó o wà níléèwé, mo gbọ́ tí omi ń pariwo nínú àpótí. Ẹja yẹn ti gbé àrọ̀ kan mì. Ẹ̀gún ti há sí i lọ́fun, ẹnu rẹ̀ là, kò ṣeé pa dé, ìrù àrọ̀ ṣì ń mì níta. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu. Mo dúró, mò ń wò ó, ẹ̀rù bà mí débi pé Ọ̀gá Ẹlẹ́ja ni mo pè. Ó sì wá. Ó fi aṣọ tútù mú un, ó fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé ẹ̀gún yẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún àwọn méjèèjì. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó sí ibi tó o jókòó sí yìí. Ó ní, "Mo mọ̀, màá. Èmi ni mo kọ́ yín. Mi ò ní sọ fún un, torí bí mo bá gba ọmọ nípa kíkọ́ ọ láti kórìíra ìyá rẹ̀, kí ni mo gbà? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Mi ò ní pè é títí ẹ óò fi sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́." Mo ṣèlérí. Ó kó àwọn àrọ̀ tó kù lọ, ó ní wọn ò lè wà níbí.

Ó dé ìlú kejì, ó dúró. Ìwọ náà ń dúró. Mò ń rí ọ. Bó o bá ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, wàá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, wàá dojú rẹ̀ sókè. Nígbà tó pẹ́, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Màá, ṣé ẹ ti sọ fún un?" O wà ní yàrá kejì, mò ń gbọ́ tó ò ń ṣí ìwé. Mo ní, "Mo ti sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní síbẹ̀síbẹ̀, òun kò fẹ́ ọ mọ́, pé kó o má pe òun." Ó ní, "Ó dáa, màá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún un." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wá bá ọ, mo ní ṣé o fẹ́ tíì. O ní, "Ẹ ṣé, màámi." Ẹ̀yin méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láàárín ìṣẹ́jú kan náà.

Má sọ nǹkan kan ná. Jẹ́ kí n parí rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ti níyàwó, pé ó ti bímọ. Mi ò lè dá a padà fún ọ, mi ò sì ní kó o lọ wá a. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ni mo jẹun, ó tó kí n ru igbá. Aránṣọ ti gbà láti máa wá gbé yàrá ẹ̀yìn. Ó ní òun ti ń retí kí n pe òun láti ọjọ́ tí òun ti gbé náílọ́ọ̀nù omi wọlé. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á máa pariwo, ilé ò ní dákẹ́.

Mo mọ̀ ọ́. Ọkàn rẹ rọ̀. Mo rí i bí ojú rẹ ṣe rí yìí, o ti fẹ́ dì mọ́ mi, o ti fẹ́ ní kò sí nǹkan. Má ṣe é. Bó o bá dárí jì mí nínú yàrá yìí, wàá tún jókòó tì mí, á jẹ́ pé mo tún ti gbé ọ mì lẹ́ẹ̀kejì. Bínú sí mi. Ìbínú ló máa gbé ọ dé ibùdókọ̀. Tan fóònù rẹ, pe àwọn èèyàn yẹn, sọ fún wọn pé ò ń bọ̀. Lọ débẹ̀, sùn níbẹ̀, jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ọ. Nígbà tó o bá ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé tìrẹ lọ́wọ́, bó bá ṣì ń ṣe ọ́ láti dárí jì mí, dúró síbẹ̀ kó o ṣe é. Má wá sọ ọ́ fún mi.