Ìdí Tí Ìyá Mi Ò Fi Fẹ́ Kí N Sáré

Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti sin ìyá mi sí Inísà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tó yẹ kí n bi wọ́n nígbà tí wọ́n wà láyé ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ títí dòní. Tíṣà ni mí ní Ìkìrun, mo ti lé lógójì ọdún, mo lọ́kọ, mo sì bímọ. Ẹni tó bá rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì á rò pé ayé mi tòrò. Kò mọ̀ pé bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bínú sí ìyá tó bí mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí ọmọbìnrin tó lè bá mi sáré nílé ìwé wa. Wọ́n wá mú mi pé kí n lọ ṣojú wọn ní Òṣogbo. Bí mo ṣe délé sọ fún ìyá mi, ọ̀bẹ ni wọ́n mú, wọ́n gé bàtà tí mo fi ń sáré wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí ni mo ṣe. Wọn ò sọ ju, "O ò ní sáré, mo ti sọ tèmi," lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dì í sínú. Lẹ́yìn tí mo lọ́kọ, mò ń kí wọn o, ṣùgbọ́n mi ò sùn nílé wọn rí. Ìkìrun sí Inísà, ṣé ibi téèyàn ń rò kó tó lọ ni? Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Jókòó, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ." Mo ní mo ní ìpàdé níléèwé, pé ó di ìgbà tí mo bá padà wá. Kí n tó padà, wọ́n ti kú.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkukù. Òun ló sọ fún mi pé ẹgbẹ́ eléré ìje ìlú àwọn fẹ́ sáré lọ́jọ́ Sátidé, pé wọ́n ń gba àlejò, pé àwọn abiyamọ pàápàá máa ń bá wọn sá a. Mi ò lè sọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni: ṣé ẹsẹ̀ yìí ṣì lè rántí? Mo yá bàtà ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n kọ "Àlejò" sára bébà, wọ́n fi píìnì há a mọ́ mi láyà, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì la máa yí pápá po. Ní ìyípo kìíní, èémí mi fẹ́ẹ̀ tán. Ní ìkejì, ara mi yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá àwọn onílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ipò kẹta ni mo ṣe, àmọ́ mi ò rántí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ìyá àgbà kan ló ń di aago mú níbi tí a parí sí. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, màmá yìí kàn ń wò mí bí ẹni rí òkú ni.

"Níbo lo ti wá?"

"Ìkìrun ni, mà, ṣùgbọ́n Inísà ni wọ́n bí mi sí."

"Ṣé o mọ Fẹlíṣíà aláṣọ?"

"Ìyá mi ni, mà. Wọ́n ti di olóògbé."

Wọ́n fà mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ọrùn ẹ ni mo rí. O máa ń tẹ̀ ẹ́ sósì tó o bá ń sáré, bíi ti Àbẹ̀kẹ́."

Mo ní, "Ta ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?" Ó yà wọ́n lẹ́nu. Àṣé ìyá mi ní àbúrò obìnrin. Orí pápá yìí ni ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́ àti màmá yìí ti jọ ń sáré nígbà èwe wọn. Lọ́jọ́ kan, Àbẹ̀kẹ́ ní ó rẹ òun, òun ò sáré. Ìyá mi ní kó má ṣọ̀lẹ. Ó sáré, ó ṣubú nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

"Láti ọjọ́ tí a ti sin ín," ni màmá náà wí, "Fẹlíṣíà ò dárúkọ ẹ̀ mọ́."

Mo sunkún lójú àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ṣé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún mi nìyẹn? Ṣé wọ́n rò pé àwọn làwọn pa àbúrò àwọn? Àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ òkú kì í fèsì. Mo lọ rí dókítà, ó yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe ọkàn mi.

Ibi tó ti wá dojú rú nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wá sọ fún mi pé wọ́n ti mú òun fún eré ìje níléèwé. "Mi ò fẹ́" ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo fi í jókòó, mo ròyìn Àbẹ̀kẹ́ fún un. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà yẹn." A lọ, dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ọkàn tirẹ̀ náà. Síbẹ̀, bó bá ti ń wọ bàtà rẹ̀ jáde, àyà mi á já.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá jẹ́ èmi, ṣé ẹ ó jẹ́ kó sá a? Ṣé ẹ ó lè dúró wò ó? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí ẹni tí ǹ bá bi ti lọ.