Inú Píkọ́ọ̀pù Ni Kẹ̀kẹ́ Mi Wà

Ẹ̀yin ará, inú mi ń dùn débi pé mo fẹ́ pariwo, àmọ́ kò sí ẹni tí mo lè pariwo náà sí létí kí àṣírí mi má tú. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí nìyẹn. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé irọ́ kan kiri. Ǹ bá sì máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé nǹkan ayọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Ìwàrò-Ọ̀kà ni mò ń gbé. Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́, tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá. Èmi ni mò ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, mo sì sanra díẹ̀, kí n má tún parọ́ míì kún èyí tó wà nílẹ̀.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó, tí àwọn ọlọ́kadà ń pe iye tó bá wù wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá wa obìnrin bá kó kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ dé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó mú ọ̀kan, kó máa gùn ún wá síbi iṣẹ́, pé yóò ṣe ara wa lóore, a ó sì máa tètè dé. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo ilé-iṣẹ́ ti gbóná! Àwọn tó ń lọ èlùbọ́ mú kẹ̀kẹ́, àwọn tó ń dì í mú, títí kan akọ̀wé ọ̀gá tó máa ń wọ bàtà gogoro.

Bàbá Sójà ló ń ṣọ́ géètì wa. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, yóò fọn fèrè, gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọgbà yóò sì pàtẹ́wọ́. Àmọ́ Bàbá kì í gba gbẹ̀rẹ́. Yóò fọwọ́ kan èjìká ẹ̀wù rẹ wò bóyá ó tutù. "Ẹni tí kò bá làágùn, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló gùn," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òótọ́ ni mo gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀kà sí Àkùngbá á ti mọ òkè tí mò ń sọ. Ọkọ̀ akẹ́rù gan-an máa ń kérora níbẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́, mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mo bì. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí n tó dé. Síbẹ̀, Bàbá Sójà fọn fèrè, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tiẹ̀ pariwo pé, "Láti Ọ̀kà! Ẹ wá wo ẹni tó gun òkè Ọ̀kà!" Orí mi wú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, kò sẹ́ni tó tún pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ nísàlẹ̀ òkè nígbà tí àbúrò ọkọ mi fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ bá mi lọ́nà. Iṣu ló máa ń kó lọ sọ́jà Ìkàrẹ́. Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti ìwé kì í ṣe ọ̀rẹ́ rárá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó wa, ta lẹ ṣẹ̀? Ẹ gbé nǹkan yìí wá jàre."

A gbé kẹ̀kẹ́ sórí iṣu, ó fi tapólì bò ó. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ Ìkàrẹ́, ó sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́yìn ilé epo kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọwọ́ Bàbá Sójà. Mo mú omi tó wà nínú ike mi, mo dà á sí èjìká àti ẹ̀yìn ẹ̀wù, mo fi díẹ̀ ra iwájú orí. Mo wá gun kẹ̀kẹ́ wọlé wẹ́rẹ́. Fèrè dún, àtẹ́wọ́ sọ!

Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ǹ bá sọ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ń dà mí láàmú nígbà yẹn, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mọ́ mi ni. Àwọn ọmọge ibi iṣẹ́ ń tọ́ka sí mi. Pásítọ̀ wa fi mí ṣàpẹẹrẹ nínú ìwàásù, ó ní kí ìjọ wo arábìnrin yìí, kí wọ́n wo ìfaradà. Mo tẹrí ba bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ọkọ mi tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín, ó sì yí i padà sí ikọ́, torí àbúrò rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú nìyí. Obìnrin kan wà lára àwọn tó ń bó iṣu níbi iṣẹ́ wa. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Abíọ́lá, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Arigidi ló ti ń wá. Mo jù ú lọ, Àǹtí ló sì ń pè mí. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ló gbó jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n pín, torí ọwọ́ rẹ̀ kún fún iṣẹ́ lọ́jọ́ tí àwa yòókù sáré lọ ṣa èyí tó dáa. Àmọ́ òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, Abíọ́lá ń gùn ún. Òógùn tirẹ̀ kì í ṣe ti inú ike.

Lọ́jọ́ kan, ó wá bá mi ní sítọ́ọ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kọ́ òun ní ọgbọ́n tí mò ń dá sí òkè Ọ̀kà, torí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó wà lọ́nà tòun ń tán òun lókun. Kí ni mo fẹ́ sọ, èmi tí mò ń bá iṣu gun òkè? Ó yẹ kí n ní mi ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ ẹnu mi yá. Mo ní, "Táyà ni. Má jẹ́ kó le jù. Jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, kó lè máa di ilẹ̀ mú dáadáa." Títí di òní, mi ò mọ ibi tí mo ti rí i. Mo tiẹ̀ rọra mi orí, bí àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì tó wà ní Àkùngbá.

Abíọ́lá gbà mí gbọ́. Ó lọ yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú táyà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ á ti mọ ohun tí mo fi ojú ọmọ ọlọ́mọ rí. Kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ bá rọ̀, bí ẹni tó ń wọ́ àpò èlùbọ́ nílẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Láàárọ̀ míì, a ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí fèrè tirẹ̀ tó dún. Síbẹ̀, bó bá rí mi báyìí, á ní, "Àǹtí, mò ń ṣe ohun tí ẹ sọ o. Ó máa mọ́ mi lára."

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ọ̀gá ní òun fẹ́ yẹ ẹni tó ṣe dáadáa jù sí. Kẹ̀kẹ́ tuntun lẹ̀bùn náà, pupa fòò, tó ní jíà, tó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan lèèyàn lè fi gbé e. Èmi àti Abíọ́lá nìkan ni kò pa kẹ̀kẹ́ tì lọ́jọ́ kankan. Ọ̀gá sọ ọ́ létí gbogbo wa pé Abíọ́lá ni ìbá gbà á, bí kì í bá ṣe pé ó ń pẹ́ dé. Èmi ni wọ́n fún. Wọ́n gbé fọ́tò mi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ "Akọni Òkè Ọ̀kà" sábẹ́ rẹ̀. Ta ló sì kọ́kọ́ dìde jó fún mi? Abíọ́lá ni. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ kí n rìn lórí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn, mi ò sì jẹun alẹ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù Akọ̀wé kọṣẹ́ pátápátá, ó sì wá iṣẹ́ lọ sí Lọ́kọ́ja. Ó ku èmi àti kẹ̀kẹ́ pupa. Báwo ni Akọni Òkè ṣe fẹ́ wọkọ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, torí mo mọ̀ pé títì ni màá ti kẹ̀kẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gùn ún dé ìdí òpó iná kejì. Nígbà tó yá, mo dé ibi tí ìyá kan ti ń sun iṣu tà. Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ kíyè sí i. "Ẹ ti kọjá ibi tẹ́ ẹ dé lánàá o!" ló kígbe. Mo rẹ́rìn-ín dé Àkùngbá.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà nísàlẹ̀ òkè ló wá tẹ táyà mi wò lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ̀ ń fìyà jẹ ara yín. Ta ló ń fi táyà rírọ̀ gun òkè?" Ó fi páǹpù fẹ́ ẹ títí ó fi le gbandi. Kẹ̀kẹ́ náà fò sókè lábẹ́ mi! Ẹsẹ̀ kan náà ni inú mi dùn tí ojú sì tì mí, torí Abíọ́lá ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹ̀yin ará, mo gun òkè Ọ̀kà! Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀! Mo kọjá òpó iná, mo kọjá ìyá oníṣu, àyà mi ń lù kìkì, itan mi ń gbóná bí iná, mi ò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo dé orí òkè, mo pariwo "Jésù!" débi pé bọ́ọ̀sì kan dẹwọ́ eré, àwọn èrò inú rẹ̀ sì ń juwọ́ sí mi. Mo sunkún ayọ̀. Èmi, obìnrin tó sanra yìí! Gbogbo ọ̀nà títí dé Ìkàrẹ́ ni mo ti ń to bí màá ṣe ròyìn rẹ̀.

Mo dé géètì. Bàbá Sójà fọn fèrè bó ṣe máa ń fọn ọ́n, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Akọni. Ẹ ti tún dé náà nìyẹn." Ó tán. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè tí wọ́n ti torí rẹ̀ gbé fọ́tò mi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà?

Nígbà tí Abíọ́lá wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, a sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tún pẹ́. Mo rọra lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà, mo tẹ táyà rẹ̀, àtàǹpàkò mi wọnú rẹ̀ jìnwìn. Ọdún kan gbáko! Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, mo mú páǹpù, mo fẹ́ táyà méjèèjì títí apá fi ń ro mí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọ̀gá ti ní lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi ni màá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń gun òkè. Ọkọ mi ní kí n pa ẹnu mọ́, kí n kàn dọ́gbọ́n fún Abíọ́lá ní kẹ̀kẹ́ pupa, kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Àbí kí n dìde níwájú gbogbo ilé-iṣẹ́ kí n jẹ́wọ́, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lé mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀.

Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo dúró sẹ́nu géètì, Abíọ́lá gun kẹ̀kẹ́ jáde, ó sì ń fò lọ lọ́nà bí ọmọdé. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kígbe láti ọ̀nà jíjìn pé, "Àǹtí! Ohun tí ẹ kọ́ mi ti ń ṣiṣẹ́ o! Ọlọ́run á bá mi san án fún yín!"