Ìlú Tí Kò Sí Ẹbí Wa

Ẹ lanu. Ẹ là á dáadáa, Bọ̀ọ̀dá mi, kí n lè rí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, àní ẹ là á! Ẹ̀ẹ́n, bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ki òwú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí n fi rọ́bà tó ń fa itọ́ kọ́ ètè yín, ó parí. Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ báyìí, àbí? Ọlọ́run ṣeun! Nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi sínú ilé wa, ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà". Lónìí, ẹ̀yin lẹ sùn sórí àga, èmi dókítà eyín ni mo dúró, ẹnu yín kún fún òwú, ẹ máa gbọ́ tẹnu mi tán. Mi ò rí yín fín o. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, bí mi ò bá sọ ọ́, ó máa fún mi pa.

Kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ sọ fún mi! Rárá, ẹ má sọ, ẹ kàn máa fi imú mí. Kí ni mo jí, ta ni mo pa, tí mo ní mo fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́rin péré nílùú òyìnbó, èmi nìkan, kí n sùn, kí n jí, kí n rìn kiri, kí n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, tó wá di ìpàdé ẹbí? Ìpàdé ẹbí, Bọ̀ọ̀dá mi! Bí ẹni pé mo ní mo fẹ́ kọ ọkọ! Ọkọ mi gan-an ní kí n máa lọ, ó ní ojú mi ti jìn wọnú. Ẹ̀yin lẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́ ẹ bi í bóyá a jà ni, bóyá àìsàn kan ń ṣe mí tí mi ò fẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀, tí ọkùnrin náà fi dé ilé tó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kú. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lórí mi! Ààwẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ lọ sinmi!

Lisbon ni mo kọ́kọ́ mú. Mo fi àwòrán rẹ̀ hàn yín fúnra mi lórí fóònù, òmùgọ̀ ni mí. Ìlú tó ń gun òkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin kékeré aláwọ̀ ìyeyè ń gba àárín ilé kọjá, tí omi wà nísàlẹ̀. Mo ti rí òtẹ́ẹ̀lì tí mo fẹ́, yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, fèrèsé kan tó kọjú sí omi. Ẹ̀yin lẹ pariwo pé, "Háà, Lisbon? Lisbon tiwa yìí?" Ìgbà wo ni Lisbon di tiwa? Ẹ ní àbúrò ìyàwó yín wà níbẹ̀, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé ta ló máa gbọ́ pé mo dé Lisbon tí mo lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì bí ẹni tí kò lẹ́bí. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, obìnrin náà ti pè mí. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ! Ó ní òun ò tíì rí oorun gidi sùn láti ìgbà tóun ti bímọ, pé bí mo bá dé, màá máa bá òun gbé ọmọ lóru. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òwú máa gbé yín lọ́fun.

Ẹ jẹ́ kí n kan eyín yìí wò ná. Kó, kó, kó. Ó ń dùn yín? Ẹ káwọ́ sókè bó bá dùn. Kò dùn? Òun kọ́ lẹ ní ó ń ro yín títí dé etí? Ó dáa, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Mo gbé Lisbon jù sílẹ̀, mo mú Vienna. Wọ́n ní níbẹ̀, èèyàn lè jókòó ti ife kọfí kan láti àárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé ta ló ń dúró dè. Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn, Bọ̀ọ̀dá mi? Ẹnikẹ́ni ò ní bi í! Mi ò sọ fún yín, mo ti kọ́gbọ́n. Ọmọ mi obìnrin ló tú u fún Àǹtí Agogo, ẹ sì mọ ẹ̀gbọ́n wa yẹn, wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè é ní Agogo, bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹnu rẹ̀ gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Kò pẹ́, ẹ pè mí. Ẹ ní ọmọkùnrin tí Bàbá wa tọ́ pẹ̀lú yín, tẹ́ ẹ jọ lọ sílé ìwé, Vienna ló ń gbé, pé ó ti ń retí ẹni wa kan láti ọdún gbọ́ọrọ. Mo ní kò burú, màá kí i lórí fóònù. Lórí kí ni? Ẹ gbé fọ́tò Bàbá wa wá sílé mi, èyí tó wà nínú gíláàsì, tó ga tó ilẹ̀kùn, ẹ ní òun ni kí n gbé lọ fún un. Ẹ ní kí n má jẹ́ kí wọ́n kó o mọ́ ẹrù, kí gíláàsì má baà fọ́, kí n gbé e lé itan. Lé itan, nínú bàálù! Kí èmi àti Bàbá wa tó ti sùn jọ máa wo ara wa láti ibí dé Vienna!

Ẹ gbọ́? Fóònù yín nìyẹn, ó ń dún lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì níta. Ẹ má dìde! Òfin ilé ìwòsàn wa ni, fóònù aláìsàn kì í wọ yàrá yìí, ẹni tó ń pè yín á dúró.

Mo wá lọ tú máàpù sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Mo ní Riga. Ta ló ń gbé Riga? Mi ò mọ ẹnì kan, mi ò mọ ẹni tó mọ ẹnì kan. Ẹ̀yin náà wá a, ẹ má parọ́, ìyàwó yín sọ fún mi, ẹ pe gbogbo ẹni tó ń rìnrìn àjò, ẹ pe àwọn ará ìjọ, ẹ pe àna, ẹ pe ọ̀rẹ́ àna. Ẹ ò rí ẹyọ ẹnì kan! Mo jó, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mo jó. Mo rò pé mo ti bọ́.

Mo bọ́ ńbo? Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ pe gbogbo wa jọ, ẹ jókòó sórí àga Bàbá, ẹ fajú ro, ẹ ní ìlú tí kò ti sí ẹni wa, ìlú tí èèyàn ti ń sọnù ni. Ẹ ní, "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé." Gbogbo ilé mi orí, gbogbo ilé ní "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ wá ní kí Àǹtí Agogo bá mi lọ. Àǹtí Agogo! Ẹni tí kì í wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àfi kí ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà bá a tàkúrọ̀sọ! Ẹni tó ń jí kí àkùkọ tó jí, tó máa kọrin, tó máa ro ẹjọ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, tó máa bi ọ́ bóyá o ti jí, tí o bá sì dákẹ́ á fọwọ́ tọ́ ọ! Ẹ ní yàrá kan náà la máa lò, ká lè máa ṣọ́ ara wa. Ó ti ra báàgì. Ó ti ra bùbá tó nípọn nítorí òtútù. Ó ń pè mí láràárọ̀ pé, "Àbúrò mi, ìrìn àjò wa ń kọ́?" Ìrìn àjò wa!

Ẹ ò mọ̀ ni, tàbí ẹ mọ̀ tẹ́ ẹ mójú kúrò. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò dá sùn nínú yàrá rí. Kékeré mi, ẹ̀yìn Ìyá wa ni. Mo dàgbà díẹ̀, èmi àti Àǹtí Agogo lórí ẹní kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìhà mi. Mo wọ ilé ìwé, wọ́n tò wá sí yàrá bí ìwé. Mo jáde níbẹ̀, mo bọ́ sílé ọkọ. Ọkọ mi dáa, mi ò fẹjọ́ rẹ̀ sùn, àmọ́ ó ń hanrun, àbíkẹ́yìn mi ń wọlé wá láti apá òsì, ìyá ọkọ mi ń kan ilẹ̀kùn pé níbo ni mo fi oògùn òun sí. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé tí mo ní "mo dé o", kí n tó bọ́ bàtà, ohùn bíi mẹ́rin á ti ní "káàbọ̀", ohùn kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ nǹkan. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mò ń wá lọ sílùú òyìnbó? Mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn kan, kí n gbé àpò mi sílẹ̀, kí n ní "mo dé o", kí ẹnikẹ́ni má dá mi lóhùn. Ó tán. Bí mo bá gbọ́ pé kò sẹ́ni tó dáhùn, bóyá màá tiẹ̀ sunkún, bóyá màá rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀, mi ò ṣe é rí! Ṣé ìyẹn náà wá di ẹ̀ṣẹ̀?

Onítíkẹ́ẹ̀tì sì ti ní kí n sọ ìlú kan pàtó kóun tó ti ṣọ́ọ̀bù lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á fi àyè mi fún ẹlòmíì. Lónìí! Mo sì dúró síbí, mò ń kan eyín yín.

Eyín ọ̀hún dà? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i. Ẹ ò mira? Eléyìí máa ń mú kí ọkùnrin gidi fò lórí àga. Ẹ dúró ná, fọ́tò eyín yín tí nọ́ọ̀sì yà rèé, ẹ jẹ́ kí n gbé e síwájú iná.

Bọ̀ọ̀dá mi. Kò sí nǹkan kan níbí. Kò lu, kò kẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ dúró gbọn-in. Eyín yìí máa bá yín dé ogbó. Nígbà tẹ́ ẹ wá lóṣù tó kọjá, ẹ ní ti apá òsì ni, mo wò ó títí, mo wá fọ̀ ọ́ fún yín nítorí ojú ń tì mí pé mi ò rí nǹkan. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ní èrìgì ni. Mo ti ń rò ó pé èmi ni mi ò mọṣẹ́ mọ́! Kí lẹ wá ń wá níbí? Ẹ jẹ́ kí n yọ òwú yìí kẹ́ ẹ lè dá mi lóhùn. Ẹ là á. Kí ló dé tẹ́ ẹ di ọwọ́ mi mú? Ẹ ò fẹ́ kí n yọ ọ́? Ẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀?

Háà.

Háà, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀ kẹ́nì kankan má baà retí pé kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀.

Fóònù yín tún nìyẹn. Kò tíì sinmi látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé. Mo mọ ilé yín, mi ò kàn rò ó débẹ̀ rí ni. Kẹ́ ẹ tó lajú láàárọ̀, ẹnì kan ti jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yín pẹ̀lú ẹjọ́, ti ayálégbé, ti ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé, ti tọkọtaya tó fẹ́ túká. Látọjọ́ tí Bàbá ti lọ, ẹ̀yin ni Dáódù, ẹnu yín ò gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ̀ yín. Lẹ bá wá ibi tí wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n ń dá a dùbúlẹ̀, tí wọ́n ń fi òwú dí i lẹ́nu, ẹ wá ń fi eyín tó le purọ́! Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó mà ṣe o. Ẹ má nu ojú, ẹ jẹ́ kó máa ṣàn, mo ní tíṣù níbí.

Àmọ́ ẹ má rò pé inú mi ti rọ̀ o! Ó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí mi ni! Ẹni tó mọ bó ṣe ń dunni, tó ń jí ìsinmi tirẹ̀ gbà lórí àga mi, òun náà ló tún ń wá ẹni tó máa bá mi sùn ní Riga? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí! Ẹ fi ìka dá mi lóhùn. Ẹ máa sọ fún Àǹtí Agogo pé kò lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìka kan ni bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ nà án dáadáa kí n rí i. Ó dáa, mo ti rí i, Ọlọ́run náà ti rí i.

Ìlú wo? Ojú yín ló ń béèrè yẹn, mo mọ̀ yín. Mi ò ní sọ. Kì í ṣe Lisbon, kì í ṣe Vienna, mo ti yọwọ́ nínú Riga. Mo mú òmíì níbi tí mo ti ń kan eyín yín yìí, ọkọ mi nìkan ló máa mọ̀ ọ́n, òun náà ò sì ní mọ̀ títí bàálù á fi gbéra. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ ò mọ̀, kò sì ní jẹ́ irọ́.

Ẹ má dìde. Ta ló ní kẹ́ ẹ dìde? Nọ́ọ̀sì! Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá tún pe fóònù Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní gbòǹgbò eyín ọ̀hún jìn, a ṣì wà lórí ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn yìí. Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti pa iná orí yín. Ẹ dijú. Mò ń sáré lọ bá onítíkẹ́ẹ̀tì kó tó ti ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá padà wọlé tí mo ní "mo dé o", ẹ̀yin ẹ má dá mi lóhùn, ẹ máa sùn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Bí mo bá dé pápákọ̀ òfurufú tí mo bá Àǹtí Agogo níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì tuntun yẹn, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, eyín yìí tí kò ṣe nǹkan kan yìí, mo máa yọ ọ́, mi ò sì ní fún yín lábẹ́rẹ́!