Ìyá Ọkọ Mi Kọ́ Ló Jókòó Lé Mi Láyà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè rìn láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú yìí láìdúró sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ rí mi lọ́dún tó kọjá mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ yin Olúwa. Ẹ má tíì lu ìlù, mo bẹ̀ yín, kí n sọ ọ́ tán.

Fúnmiláyọ̀ ni mí, tíṣà ni mí níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí mo bí Iníolúwa, ọmọ mi kejì, ìyá ọkọ mi wá láti Àgbàdo-Èkìtì wá bá mi tọ́ ọmọ. Gaàrí ló ń tà lọ́hùn-ún. Ó pa á tì, ó di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó wá. Òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń pọ̀n ọ́n, òun náà ló ń se omi gbígbóná tí mo fi ń wẹ̀.

Ọmọ kò tíì pé oṣù méjì tí mímí fi di wàhálà fún mi. Bí mo bá rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, màá dúró gbá ògiri mú. Bí mo bá dùbúlẹ̀, àfi bíi pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé mi láyà, orí àga ni mo wá ń sùn. Ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà ọkọ mi ni mò ń wọ̀. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ gba ìtọ́jú, wọ́n ní ásímà ni, wọ́n fún mi ní èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Mo fín in títí, kò gbọ́.

Ìgbà náà ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá sínú ìjọ yìí. Níbi àdúrà ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, arábìnrin kan nínú wa ní òun rí obìnrin àgbà tó jókòó lé mi láyà, pé inú ilé mi ló wà. Obìnrin àgbà kan ṣoṣo ló wà nínú ilé mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mo dìde, mo dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo yín, ẹ sì ṣe àmín.

Ọjọ́ kejì ni mo ní kó máa lọ. Ojú ọkọ mi ló ṣe. Màmá sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e fún ọkọ mi, ó lọ. Kò bú mi. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ dé Àgbàdo. Àwọn tó ń ra gaàrí lọ́wọ́ rẹ̀ yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àwọn abiyamọ sì ń pe ọmọ wọn wọlé bó bá ń kọjá.

Màmá lọ, àìsàn kò lọ. Ó tún le sí i ni.

Lẹ́yìn oṣù kan, àwọn dókítà kan tó ń ṣe ìwádìí dé sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ń wá àwọn tí mímí nira fún, tí oògùn ásímà kò sì ràn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe wọ́n tàbí ọkàn. Wọ́n ka ìwé kan sí mi létí, wọ́n ní kì í ṣe dandan. Mo fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kan, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n wá fi ẹ̀rọ wo àyà mi bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe sìkáànù fún aláboyún. Dókítà obìnrin tó ń wò ó bi mí pé ìgbà wo ni mo bímọ, àti pé ìrọ̀rí mélòó ni mo fi ń sùn. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi kí n lè rí bí ọkàn mi ṣe ń fi agbára káká lù. Ó ní, “Ẹ̀dọ̀fóró yín kò ní nǹkan kan. Ọkàn yín ni kò lágbára mọ́ láti ìgbà tẹ́ ẹ bímọ. Ó máa ń ṣe àwọn abiyamọ míì. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yín.”

Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ẹ̀rù àìsàn ló ń bà mí.

Wọ́n fún mi ní oògùn ọkàn àti èyí tó ń jẹ́ kí n máa tọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wíwú ẹsẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀, mo sì sùn lórí ibùsùn mi. Mo ṣì ń lo oògùn náà, wọ́n sì ń pè mí wá wò.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà tí mo lè wọ ọkọ̀, mo lọ sí Àgbàdo, mo kúnlẹ̀ nínú yàrá màmá, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ. Ó gbọ́ tán, ó bi mí bóyá Iníolúwa ti ń rìn. Mo ní ó ti ń rìn. Ó wá ní, “Mo dúpẹ́ pé ara rẹ yá. Àmọ́ ìta gbangba lo ti sọ mí di àjẹ́, Fúnmi. Inú yàrá lo wá ti ń bẹ̀ mí.” Mo ní kó jẹ́ ká jọ padà sí Ìkẹ́rẹ́. Ó ní òun kò ní wọ ilé yẹn mọ́.

Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyẹn. Àwọn kan nínú yín ti ń kí mi pé àdúrà ọjọ́ Ẹtì yẹn ló ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́ kankan. Ọlọ́run ló gbà mí, àwọn dókítà ló sì rán sí mi. Ohun tí àwa ṣe lọ́jọ́ náà, ilé ọkọ mi ló tú. Mo bẹ màmá kó wá jókòó síbí lónìí kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Kò wá.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe àjẹ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ẹ bá mi yọ̀ pé mo wà láàyè, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló ni ògo. Ẹ lè lu ìlù yín báyìí, bí ọwọ́ yín bá gbà á.