Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Já Wọn Kulẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ-iṣẹ́ tí ẹ jókòó sórí táyà, ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ dúró lẹ́nu géètì, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú fún ọdún mẹ́ta bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin, mi ò sì fẹ́ kó bá mi wọ sàárè. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Mo ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kí n tó dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B, nítorí náà bí mo bá ń dúró bí mo ṣe ń kà á, ẹ má ràn mí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n kà á tán. Níwájú yín ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbé sípánà sílẹ̀ tí wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti kú. Níwájú yín náà ló yẹ kí n ti sọ ẹni tó pa á.

Àwọn tó kéré nínú yín lè má mọ irú ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Ìyá Ẹ́ńjìnnì. Etí ni àwọn mẹkáníìkì yòókù fi ń gbọ́ ọkọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbọ́ ọ. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì bí ẹni gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, wọ́n á dijú, wọ́n á ní ibi báyìí ló ń dùn ún, ibẹ̀ náà ni yóò sì jẹ́. Dẹ́rẹ́bà kan wá síbí nígbà kan, ó ní kí wọ́n bá òun pe ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, wọ́n mu omi, wọ́n jáde, wọ́n ní, "Ọkùnrin náà ní kí n máa bá yín ṣe é lọ." Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí dẹ́rẹ́bà náà tó mọ̀ pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti ń lọ geerege. Èmi tí mò ń rán ìjókòó ọkọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, èmi ni mo ti ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn láti ọgbọ̀n ọdún. Mo mọ ibi tí gbogbo páìpù ń lọ. Ìmọ̀ yẹn ni mo fi ṣìkà.

Ẹ rántí bọ́ọ̀sì gígùn tí ilé-ìwé kan pa tì sẹ́yìn ọgbà wa. Oṣù mẹ́rìnlá ni ẹ̀gbọ́n mi fi sọ ọ́ di ilé. Bẹ́ẹ̀dì méjì tó ń ká mọ́ ògiri, sítóòfù ẹlẹ́nu méjì, ibi ìfọwọ́ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ọkọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fẹ̀ ju èjìká lọ, àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìwọ̀ sí lẹ́nu kí àwo má baà fò jáde tí a bá kó sí kòtò. Èmi rán kọ́tìnì sí fèrèsé mẹ́jọ. Aládùúgbò wa kan béèrè pé tí irú èyí bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ṣé mẹkáníìkì ni èèyàn máa pè àbí káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó pe lánlọ́ọ̀dù. A sọ ọkọ̀ náà ní Ilé-ń-lọ.

Ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìdí. Ní òdìkejì ẹnubodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ọ̀gá tó kọ́ wọn ti darúgbó, kò bí ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ó sì ránṣẹ́ pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá dé kí oṣù tó parí, òun yóò fi ṣọ́ọ̀bù òun lé wọn lọ́wọ́. Bí wọn kò bá dé, ẹlòmíràn ni yóò gbà á. "Jẹ́ ká jọ lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi. Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, ọdún mẹ́fà ni mo fi ń jáde sí títì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ láti wò bóyá wọ́n ń bọ̀. Àgbà ti dé sí mi lára, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò kúrò nínú mi. Dípò kí n la ẹnu mi kí n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí sílẹ̀," mo di ẹrù, mo sì fi sùkúdíráfà ẹ̀rọ ìránṣọ mi sínú àpò.

Ní ẹnubodè, aṣọ́bodè kan ní kí á sọ̀kalẹ̀ kí òun tú ẹrù wò. Ẹ̀gbọ́n mi fi Faransé dá a lóhùn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà wọlé, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a yọjú, ó ti tú bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó jókòó sí i, ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń tì í. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn wá ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin. Àwọn aṣọ́bodè náà bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ẹni tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Orí mi wú. Síbẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, nígbà tí a ti kọjá ẹnubodè, tí ẹ̀gbọ́n mi sùn díẹ̀ lábẹ́ igi, mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo dẹ kílíìpù tó di páìpù omi mú mọ́ rédíétọ̀. Kí orí máa wú èèyàn nítorí iṣẹ́ kan, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa ba iṣẹ́ náà jẹ́: irú ènìyàn wo nìyẹn?

A ò tíì lọ jìnnà tí èéfín fi bò wá lójú. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n wo kílíìpù náà pẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ló dè é. Wọ́n tún un dè, a lọ. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń wẹ̀, mo dẹ orí bátìrì. Ọkọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Gbogbo ibòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ tú wò, torí kò wá sí wọn lọ́kàn pé orí bátìrì tí ọwọ́ àwọn dè lè dẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n tú ni wọ́n ń tò sórí tówẹ́ẹ̀lì funfun bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀léra, bí ẹni tó ń to ṣíbí sórí tábìlì àlejò. Àwọn ará ibẹ̀ yí wa ká, wọn ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, òkè ńlá kan wà níwájú wa. Mo tún padà sídìí kílíìpù, mo dẹ̀ ẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní àárín òkè ni ọkọ̀ dákú. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣí iwájú rẹ̀, páìpù já, omi gbígbóná fọ́n bo ọwọ́ ọ̀tún wọn. Àpá tí ẹ̀ ń rí níbẹ̀, èmi ni mo fà á. Mò ń da omi tútù sí i, mò ń sunkún, ẹkún náà kì í ṣe irọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣé ẹnì kan fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yìí?"

Ẹ gbọ́ mi. Bó bá jẹ́ kílíìpù nìkan ni, bóyá ǹ bá ti sọ ọ́ tipẹ́. Ohun tó burú jù ni èyí tí mo fẹnu ṣe. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ náà máa ń darúgbó." Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, èmi ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé tiwọn ti tàn wọ́n. Wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n mi orí. Wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí pé èmi ni.

Ẹ má rò pé a pẹ́. Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí nígbà tí a dé. Ọ̀gá àgbà fi ọ̀pá rìn jáde, ó yí Ilé-ń-lọ po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí á ṣí iwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan nǹkan gbogbo, ó sọ̀rọ̀ gígùn. Mi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀: ojú ẹni tí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá òun, tí inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kó o padà fún un. Ó tún kó o fún wọn; wọ́n tún kó o padà, wọ́n na ọwọ́ tí a fi aṣọ dì hàn án. Nínú ọkọ̀ ni wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá ní òun kò tíì rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti ń fi ọwọ́ kan epo. Ẹ̀gbọ́n mi sì fèsì pé mẹkáníìkì tí ọkọ̀ ara rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́ta kò lẹ́nu láti gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Kí a tó kúrò, wọ́n mú mi lọ sẹ́nu fèrèsé yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì tuntun, tábìlì gígùn wà nínú rẹ̀, iná méjì sì ń sọ̀kalẹ̀ láti àjà. "Ìwọ ni mo ní kí wọ́n tún un ṣe fún," ni wọ́n wí. "Mo sọ fún ọ̀gá pé àbúrò mi kì í ríran dáadáa tó bá ń rán awọ dúdú." Mo retí kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Kò lanu.

Ẹ mọ ìyókù. A padà sílé, ẹ̀gbọ́n mi fi ṣọ́ọ̀bù yìí lé ọ̀gá kékeré, àgbà nínú àwọn ọmọ-iṣẹ́ wọn, lọ́wọ́, wọ́n ń jókòó lẹ́nu géètì, wọ́n ń kí oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n mi náà ló ní kí n lọ kọ́ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, kí ọwọ́ kan ṣì máa kọ́ nǹkan tuntun nínú ilé. Mo lọ. Ìwé tí mo kọ́kọ́ dá kà láyé mi ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ iṣẹ́ sí, tí mo bá lábẹ́ ìjókòó Ilé-ń-lọ. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n kọ nípa ìrìn àjò náà. "Kílíìpù dẹ̀. Ẹ̀bi mi." "Orí bátìrì dẹ̀. Ẹ̀bi mi." Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi kọ èyí tó kẹ́yìn, ó rí wọ́kuwọ̀ku: "Àbúrò mi sọ òótọ́." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo rò pé mi ò tíì mọ̀wé dáadáa ni.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ràn ẹnì kan tí ẹ ò fẹ́ kó lọ, ẹ sọ fún un. Ìtìjú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ jókòó níbẹ̀ yẹn, mi ò tíì lè gbójú sókè wò yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyà tó tọ́ sí mi jẹ ọwọ́ yín mọ́. Ọkọ̀ kan wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀, ọ̀gá kékeré ti tú u lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ohun tó ń ṣe é. Sùkúdíráfà náà nìyí, mo gbé e sílẹ̀. Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lọ gbé ọwọ́ lé e.