Ohun Tí Dókítà Kò Sọ Nípa Iṣu Màmá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ǹ bá gbé e mì, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti fẹ́ fara gbá níbẹ̀ báyìí.

Bouaké, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ni wọ́n bí mi sí. Faransé ni mo fi kàwé títí mo fi jáde yunifásítì. Màmá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n gbọ́ Dioula tí wọ́n fi ń tajà, ṣùgbọ́n Faransé wọn kò tó bá dókítà sọ̀rọ̀. Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú wọn, èmi ni mo di ògbufọ̀.

Ohun tí dókítà sọ kò le. Ó ní kí Màmá dín iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì àti attiéké tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ nínú abọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n má ṣe lo oògùn láìjẹun tó.

Mo ti kà lórí fóònù nípa àwọn tó pa irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tì pátápátá. Mo rò pé ńṣe ni dókítà ń fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀ nítorí ọjọ́ orí Màmá. Mo yíjú sí Màmá, mo ní, "Dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kan iṣu mọ́. Àti ìrẹsì, àti attiéké."

"Títí kan iṣu tó ń ti Djébonoua wá?"

"Gbogbo ẹ̀, Màmá."

Màmá wo dókítà. Dókítà kò gbọ́ Yorùbá tí mo sọ, ó kàn mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbèrò ibi. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní èmi ni mo sọ ọ́, wọn ò ní gbà. Ni mo bá fi sí dókítà lẹ́nu.

Màmá gbọ́ràn. Èmi ni mò ń yan oúnjẹ fún wọn: ẹyin, ìkàn, ilá, ẹja, píà. Ṣúgà wọn wálẹ̀, inú mi dùn. Mi ò ronú kan oògùn tí wọ́n ṣì ń lò bíi ti tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń to abọ́ lọ́jà, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ṣubú. Ojú wọn ṣì là. Obìnrin Baoulé tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sáré fún ọsàn sí wọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wọ́n wò ní ṣúgà wọn ló lọ sílẹ̀ jù. Mi ò lè búra pé ọ̀rọ̀ mi nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n mo ti wò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí nǹkan mìíràn.

Nígbà tí a délé, Màmá ní, "Dókítà yẹn fẹ́ febi pa mí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọlọ́sàn." Láti ìgbà náà wọn ò padà sí ọsibítù. Mo sì dákẹ́.

Ìyá Ràfíù, ọ̀rẹ́ Màmá ní àdúgbò Sokoura, ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Àwọn méjèèjì jọ ti Kumasi ní Ghana dé ní kékeré ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ṣúgà lára Ìyá Ràfíù náà, ni Ìyá Ràfíù bá wá bá Màmá nílé.

"Má dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn o," ni Màmá wí. "Á ní kí o máa jẹ ewé bí ewúrẹ́."

"Èmi tí mi ò jẹ ewé ní Kumasi? Ṣé ibí ni màá ti wá bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá wá nawọ́ sí mi. "Bi ọmọ mi. Ìṣojú ẹ̀ ló ṣe."

Ìyá Ràfíù wò mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Títí di òní, Ìyá Ràfíù ò tíì lọ rí dókítà kankan.

Màmá ti padà sí iṣu. Tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, wọ́n á gbé abọ́ wọn síwájú mi: "Ìwọ lo kàwé. Ṣé èyí ò pọ̀ jù?" Màá mi orí, bí dókítà ṣe mi orí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ó pọ̀ jù. Ẹni tó mọ̀ ni ẹni tí mo parọ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, tó bá jẹ́ ọmọ yín ni, ṣé ẹ máa tún gbé abọ́ yín síwájú ẹ̀ mọ́? Mo fẹ́ sọ fún Màmá kí wọ́n tó bu oúnjẹ alẹ́ òní. Gbólóhùn wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?