Màmá, Ẹ Má Dákẹ́

Nínú takisí woro-woro tó ń lọ láti Koumassi sí Port-Bouët ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tó jókòó lẹ́yìn mi.

"Mi ò gbé ọmọ-ọmọ mi lọ sí lópítà àwọn ọmọdé mọ́," ni èyí àgbà wí. "Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lọ́mọdé, ẹnu géètì ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ìta ni mo ti ń gbọ́ ẹkún rẹ̀."

"Tantie, ìyẹn ti di ìtàn! Wọ́n ti kọ́ ilé tuntun kún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sí."

"Irọ́!"

"Vraiment, òótọ́ ni! Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, ó figbe ta, mo bá ń kì í: Àjàní, ọkọ mi. Ojú tì mí níwájú dókítà, mo dákẹ́. Nọ́ọ̀sì, ọmọ ẹ̀yà Baoulé tí kò gbọ́ Yorùbá, ló ní, 'Màmá, ẹ má dákẹ́.'"

Ẹ má dákẹ́! Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, "Ẹ dákẹ́" ni wọ́n máa ń kọ sára ògiri ilé ìwòsàn.

"Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì náà ti ń pe ọmọ mi ní Àjàní."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n ki tèmi náà?"

"Títí ohùn yín á fi há!"

Kí a tó dé Port-Bouët, ó ti ń fohùn jẹ́jẹ́ ki Àbẹ̀kẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ nawọ́, ó pa rédíò.